Nítorí Ohùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Sídíì Wa

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ìkòsí, Ketu,
Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2007.

Aunty Jọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun mà, ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé irú mi kọ́ ló yẹ kó máa kọ̀wé sí irú yín. Ìgbà díẹ̀ péré ni mo fi jókòó nínú kíláàsì yín kí ẹ tó kó lọ sí Ìlọrin, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì máa ń jókòó sí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ má rántí ojú mi. Èmi ni Màríyámọ̀ Ọláìyá, ọmọ Baba Táípù. Bí ẹ bá tiẹ̀ ti gbàgbé mi, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé bàbá mi.

Ṣé dáadáa lẹ wà, mà? Ṣé ara ń le, ṣé iṣẹ́ tuntun náà sì gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé yín. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ti sọ gbogbo àdúgbò di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n a ń rọ́nà gbà. Mo ti wọ yunifásítì, mo wà ní ọdún kìn-ín-ní. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan máa wọ kíláàsì wá, á ní àṣìṣe ni wọ́n fi mú mi, kí n gbé báàgì mi kí n máa lọ sílé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí mi ò ti mọ ohun tí mò ń sọ nínú lẹ́tà yìí, ẹ bá mi fojú fò ó.

Ẹ má wò ó pé kí ló dé tí mi ò fi íméèlì ránṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà sẹ́ńtà ẹgbẹ́ wa ni gbogbo wa ti ń ṣí íméèlì, ẹni tó bá jókòó tini á sì báni kà á. Awakọ̀ kan tó ń ti Ojota wá sí Ìlọrin ni mo fẹ́ bẹ̀ kó bá mi mú un wá, mo sì ti lẹ ẹnu àpòòwé náà pa dáadáa.

Nípa sídíì wa ni, Aunty. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan, pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní àwa náà ní Ketu lè ṣa àwọn sọ́fíwíà tó wúlò fún wa, ká kó wọn sínú sídíì kan ṣoṣo, kí àwọn ilé ìwé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù lè fi sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ìṣòro tí ẹ fi sílẹ̀ lọ ṣì wà níbẹ̀: sídíì kì í fẹ̀. Bí sọ́fíwíà kan bá wọlé, òmíràn ní láti jáde. Bẹ́ẹ̀, fún àwa tó wà níbí, ohun tí kò bá sí nínú sídíì náà, bíi pé kò sí láyé ni. Ta ló máa lọ jókòó sí kàfé láti fà á wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí NEPA tún wá mú iná lọ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí?

Òfin tí ẹ ṣe náà la ṣì ń lò. Sọ́fíwíà tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa dúró fún un, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n á béèrè ní gbangba bóyá ẹnikẹ́ni ta kò ó. Bí gbogbo èèyàn bá dákẹ́, ó ti jáde nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ tí Success tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ wá ń sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí yín létí lẹ́yìn ìpàdé, tí ẹ lé e padà. Ẹ ní, “Ohun tí o bá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, o ò sọ ọ́. Wá sọ ọ́ níwájú gbogbo wa.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ táípíìsì ni bàbá mi fi tọ́ wa, ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, kí ojú wọn tó fọ́. Lẹ́yìn tí ojú náà lọ, inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Uncle Fáṣínà, ọ̀gá sẹ́ńtà, fúnra wọn ló wá bá wọn nílé lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, wọ́n ní sọ́fíwíà kan wà tó ń ka ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sókè, pé bàbá mi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nínú sẹ́ńtà àwọn. Ohùn òyìnbó ni, tó ń ti imú sọ̀rọ̀. Bàbá mi sọ ọ́ ní “Òyìnbó mi.” Bí wọ́n bá tẹ orúkọ mi, Òyìnbó á pè é bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á ní, “Òyìnbó, rọra o, ọmọ mi lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn.” Ṣùgbọ́n ohùn náà tó wọn lò. Bí ìka wọn bá ṣìnà, etí wọn á gbọ́, wọ́n á padà tún un ṣe. Àwọn èèyàn ń ti Mile 12 wá, wọ́n ń ti Isheri Olowora wá, kí Baba Táípù lè bá wọn tẹ lẹ́tà. Nígbà tó yá, Mummy ò mú wọn lọ sí sẹ́ńtà mọ́. Ọ̀pá wọn ni wọ́n ń tì lọ fúnra wọn, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Táì, Aunty! Èmi ni mò ń bá wọn so ó.

Uncle Fáṣínà fi wọ́n yangàn gan-an. Àlejò kan kì í wọ sẹ́ńtà kí wọ́n má mú un wá sídìí kọ̀ǹpútà bàbá mi. Wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ohun tí à ń ṣe ní Ketu nìyí.” Wọ́n ya fọ́tò bàbá mi, fọ́tò náà sì wà nínú ìwé tí wọ́n kọ sí àwọn àjọ kan tó fún sẹ́ńtà ní kọ̀ǹpútà tuntun. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ nígbà yẹn. Inú mi dùn pé wọ́n rí bàbá mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣeé fi hàn.

Ìgbà tí a fẹ́ parí sídíì yìí ni mo gbọ́ pé ohùn náà lè má wọlé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ní Mile 12 ti sọ pé àwọn máa gba sídíì náà lọ́pọ̀lọpọ̀ bí ó bá lè fi fíìmù hàn dáadáa, tí géèmù bọ́ọ̀lù sì wà nínú rẹ̀. Ààyè ò sì tó. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde nínú ìpàdé kí n máa ta ko Uncle Fáṣínà, ẹni tó bá bàbá mi wáṣẹ́, tó tún bá mi tẹ fọ́ọ̀mù yunifásítì láìgba kọ́bọ̀? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Nílé wa, bí o bá ní ọ̀rọ̀ tó lòdì sí ti àgbà, wàá lọ bá wọn nílé wọn, wàá kúnlẹ̀, wàá sì rọra sọ ọ́.

Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí ohùn yẹn jẹ́ fún bàbá mi, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Uncle gbé mi dìde. Wọ́n ní, “Màríyámọ̀, o ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ mìíràn á ti lọ máa pariwo níta. Má sọ ọ́ ní ìpàdé rárá, kí àwọn Success má baà sọ ọ́ di ìjà. Jẹ́ kó wà láàrin èmi àti ìwọ. Mo ti gbọ́, màá bójú tó o.” Wọ́n ní kí ìyàwó wọn bu ẹ̀wà fún mi. Mo jẹ ẹ̀wà náà tán, mo dúpẹ́, mo sì ń kọrin bí mo ṣe ń lọ sílé.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, a kún inú sẹ́ńtà fọ́fọ́. Success ló dúró fún géèmù. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ta ló ń lo ohùn tó ń ti imú sọ̀rọ̀ yìí?” Ẹnì kan dáhùn pé Baba Táípù ń lò ó. Success ní, “Mo bọ̀wọ̀ fún Baba o, no vex. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni Baba. Ṣé nítorí ẹnì kan la ṣe máa ní kí gbogbo Mile 12 máa wo kọ̀ǹpútà níran bíi tẹlifíṣọ̀n tí kò síná? Ta tiẹ̀ ni yóò dúró fún un? Àbí JJC tó sá sẹ́yìn yẹn?” Èmi ló ń pè ní JJC, ọmọ tuntun tí kò tíì mọ nǹkan kan. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Aunty. Mo rẹ́rìn-ín nítorí mo mọ̀ pé Uncle máa tó sọ̀rọ̀.

Uncle wá béèrè pé, “Ṣé ẹnikẹ́ni ta kò ó?” Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì wo ojú mi tààrà. Mo tẹ orí ba bí ẹni tó ti jíṣẹ́ rẹ̀ tán tó ń dúró de àgbà láti bá a sọ ọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Ó dáa. Kò sí. Ẹ yọ ọ́.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àwòrán tó máa wà lójú kọ̀ǹpútà ló kàn, bóyá afárá ni àbí igi ọ̀pẹ. Wọ́n pẹ́ lórí ìyẹn gan-an.

Mo sáré bá Uncle nídìí jẹnẹrétọ̀. Mo ní, “Uncle, ẹ ní ẹ máa bá mi sọ ọ́.” Wọn ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, “Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni? Mo béèrè. Ojú ẹ ni mo wò. O ò sọ̀rọ̀. Kí ni kí n wá ṣe? Òfin Aunty Jọkẹ́ yín ni.” Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Orúkọ yín ni wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ní kí n má sọ̀rọ̀ náà ló tún fi ẹ̀sùn àìsọ̀rọ̀ kàn mí.

Mo padà sí ilé ìwé nítorí ìdánwò. Mo ń tan ara mi pé nígbà tí mo bá padà dé, màá wá nǹkan ṣe sí i. Kí n tó dé ni wọ́n ti nu gbogbo kọ̀ǹpútà sẹ́ńtà, tí wọ́n fi sídíì tuntun náà sórí wọn láti dán an wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá mi.

Bàbá kan wà ní Agboyi tí wọ́n ń pè ní Baba Sàká, apẹja ni wọ́n. Àwọn tó ń wa yanrìn ti ba ibi tí wọ́n ń na àwọ̀n sí jẹ́, wọ́n sì wá kí bàbá mi bá àwọn fi ẹjọ́ náà sun àwọn aláṣẹ. Òyìnbó ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi rò pé spíkà ló bàjẹ́. Wọn ò fẹ́ kí Baba Sàká, tó gba ojú omi wá, padà lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n ní, “Kí Òyìnbó tó dé ni mo ti ń tẹ̀wé,” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù ibẹ̀ ti gbó, ẹ mọ̀ ọ́n, àwọn kókó kéékèèké tí ìka fi ń mọ àyè rẹ̀ ti yọ́ dànù lórí rẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ kó wà, ó fi bọ́tìnì kan péré yẹ̀ sí ọ̀tún. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, bí ìṣe wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó ṣeé kà.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde kò wò ó. Baba Sàká kò mọ̀wé. Wọ́n fi ọ̀rá wé lẹ́tà náà kí omi má baà kàn án nínú ọkọ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún wọn. Wọ́n ní àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ń gbé e láti orí tábìlì kan dé èkejì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Baba, ṣé èdè ẹja lẹ fi kọ ọ́ ni?” Baba Sàká gbé lẹ́tà wọn, wọ́n padà wá sí sẹ́ńtà, wọ́n fi í sí bàbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Baba Táípù, kí ni mo fi ṣe yín?”

Uncle Fáṣínà wà níbẹ̀, Aunty. Wọ́n gba lẹ́tà náà, wọ́n wò ó. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó wọn, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tán an: “Bàbá, àwa la yọ ohùn yín kúrò.” Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ lé bàbá mi léjìká, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọjọ́ orí ni. Ọwọ́ náà máa ń rẹ̀.” Bàbá mi ní, “Ó dáa,” wọ́n tú táì wọn, wọ́n ti ọ̀pá wọn wálé.

Nígbà tí mo dé, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Wọ́n ní, “Màríyámọ̀, bá mi wò ó, ṣé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?” Wọ́n nà án síwájú mi. Kò gbọ̀n rárá. Mo ní, “Kò gbọ̀n, Bàbá.” Wọ́n ní, “O kàn ń tù mí nínú ni,” wọ́n sì kó o padà sábẹ́ itan. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kírun ló ṣe é, àti pé èmi jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Mo lè fara da ti sídíì náà. Mo lè fara da ti géèmù, nítorí àwọn tó fẹ́ géèmù náà kò ṣe mí níbi, ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n sọ, wọ́n sì sọ ọ́ níta. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé Uncle jẹ́ kí bàbá mi máa fi ọwọ́ ara wọn pamọ́ nílé bí ọ̀daràn.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè yìí, mà. Nígbà tí ẹ ń ṣe òfin yẹn, ṣé ẹ ro ti ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kì í bá àgbà jiyàn lójú èèyàn? Fún àwọn Success, òfin náà rọrùn. Fún irú èmi, bíi kí wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ sílẹ̀ lójú pópó ni. Mi ò fi bá yín wí. Mo kàn rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àlàfo kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni Uncle sì gbà kọjá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ bá mi bá Uncle sọ ọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọn ò ní kọ̀ sí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ bọ̀, mo rí i pé ọ̀nà kan náà ni mo tún ń tọ̀: mo tún ti lọ kúnlẹ̀ sílé àgbà kan, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀. Sídíì náà kò tíì lọ síbi tí wọ́n ti máa dà á kọ. Òfin yín gbà kí ẹni tó bá ṣe tán láti dúró fún sọ́fíwíà kan béèrè fún un padà. Èmi máa dúró fún un. Mo ti ń ka bí wọ́n ṣe kọ sọ́fíwíà ohùn náà, èyí tí kò yé mi sì pọ̀ ju èyí tó yé mi lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, màá kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́. Màá kọ́kọ́ kí Uncle bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà màá sọ ohun tí mo bá wọn sọ nílé wọn, ohun tí wọ́n dá mi lóhùn, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà Baba Sàká. Ṣùgbọ́n kí n tó fi ránṣẹ́, màá kà á sétí bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ọwọ́ wọn ò ṣẹ̀.

Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ bá fọkàn tán kò ní já yín kulẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni àbúrò yín tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì,
Màríyámọ̀ Ọláìyá.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pa lẹ́tà yìí mọ́. Ẹ má pe Uncle, ẹ má sì kọ nǹkan kan sí ẹgbẹ́ kí tèmi tó dé. Bí ẹ bá ṣáájú mi sọ ọ́, wọ́n á dá ohùn náà padà nítorí yín, bàbá mi á sì rò pé àánú la fi ṣe fún àwọn. Bí ẹ bá rí orúkọ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ohun tí mo kọ kò tọ̀nà, ẹ ta kò mí níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá sì dúró títí tí ẹ ò rí orúkọ mi, ẹ mọ̀ pé àyà mi ló já. Ẹ ṣáà bá mi pa á mọ́.